Ẹ Bi Wá Kẹ́ ẹ Tó Pa Á Lẹ́nu Mọ́: Lẹ́tà Ṣíṣí Sí Ẹ̀yin Tẹ́ ẹ Ń Kọ Sọ́fíwià Fóònù

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ̀yin ti Google tẹ́ ẹ ni Android, ẹ̀yin ti Apple, ẹ̀yin ti Samsung, ẹ̀yin ti Transsion tẹ́ ẹ ń ṣe Tecno, Infinix àti itel, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú làálàá. Ẹ ò mọ̀ mí. Fóònù ni mò ń tún ṣe ní Queen Cinema n'Íbàdàn níbí, ó ti di ọdún 14 báyìí tí mo ti ń tú iṣẹ́ ọwọ́ yín wò tí mò ń tò ó padà, torí náà tí mo bá ní mo fẹ́ bá yín sọ̀rọ̀, kì í ṣe pé mo kàn jókòó tí mò ń rojọ́ lásán. Iṣẹ́ yín ni mo fi ń jẹun, mo sì fẹ́ràn ẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, màmá kan tó ń ta ẹ̀lùbọ́ l'Ọ́jà Ọba wọ ṣọ́ọ̀bù mi, wọ́n gbé fóònù wọn lé orí tábìlì, wọ́n ní, "Ẹnjiníà, ọmọ mi, bá mi wo fóònù yìí, ó ti yadi." Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì táwọn èèyàn ti ń pè wọ́n tí wọn ò gbọ́. Ọmọ wọn tó wà ní London ti rò pé màmá ń bínú sóun, ó ti ń rán àwọn ẹbí pé kí wọ́n bá òun bẹ̀ wọ́n. Mo wo òkè ojú fóònù, mo rí òṣùpá kékeré kan níbẹ̀, èyí tó tẹ̀ kọrọdọ bí ìgbà tí oṣù ṣẹ̀ṣẹ̀ lé. Mo fi ìka fa ojú ẹ̀ wálẹ̀, mo tẹ òṣùpá náà lẹ́ẹ̀kan péré, mo fi fóònù tèmi pè é, ó bú jáde. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ wọn. Màmá wá wò mí títí, wọ́n ní, "Ta ló ní kó dákẹ́?"

Mi ò rí èsì fún wọn. Ó lè jẹ́ ọmọ-ọmọ wọn ló tẹ̀ ẹ́ níbi tó ti ń ṣeré, ó lè jẹ́ fóònù fúnra ẹ̀ ló rò pé wọ́n ti sùn. Ohun tí mo mọ̀ ni pé kò sẹ́ni tó bi màmá. Àti pé kì í ṣe àwọn nìkan o, nínú gbogbo àròyé tó ń wọ ṣọ́ọ̀bù mi, "fóònù mi ò ró mọ́" wà lára èyí tó pọ̀ jù, àwọn èèyàn á rò pé sípíkà ló bàjẹ́, wọ́n á ti mú owó sípíkà dání, àmọ́ tí mo bá wò ó, kò sí nǹkan tó bàjẹ́, fóònù ló dá ìpinnu ṣe lórí ibi tó rò pé olówó ẹ̀ wà àti ohun tó rò pé ó ń ṣe.

Mo mọ bó ṣe ń rò ó, torí mo ń rí àwọn nǹkan tẹ́ ẹ fi ń wòye níbẹ̀, èyí tẹ́ ẹ̀ ń pè ní sẹ́ńsọ̀. Èyí tó ń mọ̀ tí fóònù bá ń mì tàbí tó dojú dé, kò tó ẹyọ ìrẹsì. Èyí tó ń wo ìmọ́lẹ̀ wà lókè lẹ́bàá kámẹ́rà ojú. GPS ń sọ ibi tá a wà, máíkì ń gbọ́ ariwo. Ẹ wá kó gbogbo ẹ̀ pọ̀, ẹ ní kí fóònù máa fi méfò ohun tí èèyàn ń ṣe. Lórí Android, tí áàpù bá bi fóònù pé kí lẹni yìí ń ṣe báyìí, èsì tó lè rí gbà ò pọ̀ rárá: ó wà nínú ọkọ̀, ó wà lórí kẹ̀kẹ́, ó ń fẹsẹ̀ rìn, ó ń sáré, ó wà lójú kan, wọ́n kàn gbé fóònù náà yí ni, mi ò mọ̀. Ti Apple ò jìnnà síyẹn, ojú kan, ìrìn, eré, mọ́tò, kẹ̀kẹ́, mi ò mọ̀, ó tán. Kò sí ọ̀kadà níbẹ̀. Kò sí ẹni tó wà nínú ọkọ̀ tí kì í ṣe òun ló ń wà á. Bẹ́ẹ̀ níbi tá a wà yìí, bọ́ọ̀sì tó bá kó èèyàn 18, ẹnì kan ṣoṣo ló di sitia mú, àwọn 17 tó kù ń sùn, wọ́n ń jẹ gàlá, wọ́n ń retí ìpè.

Ohun tó wá ń dùn mí jù níbẹ̀ ni pé fóònù gan-an mọ̀ pé òun ò mọ̀. Ti Android, tó bá ti fèsì, á fi nọ́ńbà kan tì í láti 0 dé 100 láti fi sọ bó ṣe dá a lójú tó. Ti Apple á ní ó dá mi lójú díẹ̀, ó dá mi lójú níwọ̀nba, ó dá mi lójú dáadáa. Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀! Tó bá wá jẹ́ 40 ló dá a lójú, kí ló dé tí kò lè yíjú sí mi kó bi mí? Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ mi ló wà. Ẹnu oníkàn la ti í gbọ́ pọ̀ún.

Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Lọ́dún tó kọjá mo lọ ra skríìn ní Computer Village n'Íkẹjà, ìyá mi wà ní ọsibítù nígbà yẹn, àbúrò mi obìnrin ló dúró tì wọ́n, owó wà lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mò ń bọ̀, mo wọ bọ́ọ̀sì ní Berger, mo jókòó sẹ́yìn lójú fèrèsé, mo di fóònù mú lọ́wọ́ torí mò ń retí ìpè, n ò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ lójú títì márosẹ̀ yẹn. Fóònù rí i pé a ń sáré gan-an, ó ní aha, ọ̀gá mi ń wakọ̀, ó pa ara ẹ̀ lẹ́nu mọ́. Àbúrò mi pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́sàn-án. Ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n wá rà fún màmá, kò sí owó lọ́wọ́ ẹ̀, ó pè pè pè, ó sunkún, ó wá lọ yá owó lọ́wọ́ ìyàwó ẹni tó wà ní bẹ́ẹ̀dì tó tẹ̀ lé tiwọn, ẹni tá ò mọ̀ rí. Ìgbà tá a dé Ìbàdàn tí mo wo ojú fóònù ni mo tó rí i. Ìyá mi yè, Ọlọ́run ló ni ọpẹ́, wọ́n wà nílé báyìí. Mi ò ní dárúkọ ẹni tó ṣe fóònù yẹn torí mi ò kọ lẹ́tà yìí láti fi ba ẹnì kan lórúkọ jẹ́. Àmọ́ mi ò tíì gbàgbé mẹ́sàn-án yẹn.

Mo sì mọ̀ pé ẹ ti ronú kan ọ̀rọ̀ yìí rí. Nígbà tí Apple gbé iOS 11, sọ́fíwià iPhone, jáde ní 2017, tí wọ́n fi ètò tó ń pa fóònù lẹ́nu mọ́ tá a bá ń wakọ̀ sínú ẹ̀, wọ́n fi bọ́tìnì kan síbẹ̀ tí èèyàn lè tẹ̀ láti fi sọ pé èmi kọ́ ni mò ń wakọ̀ o. Ẹni tó ronú kan bọ́tìnì yẹn, kí Ọlọ́run bù kún un, torí ẹni yẹn mọ̀ pé ìmì ọkọ̀ kan náà ni dírẹ́bà àti èrò jọ ń mì. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín fún ni pé kí bọ́tìnì yẹn má jẹ́ ọmọ kan ṣoṣo. Kó ní àbúrò. Kó sì máa ṣáájú ìdákẹ́jẹ́ẹ́, kì í ṣe kó máa dúró síbi tí ẹni tó ń sùn ò ti ní rí i.

Torí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ nìkan. Gbọ̀ngàn kan wà ládùúgbò wa. Láti Monday dé Friday, àwọn ọmọ ń ṣe lẹ́sìn níbẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Tó bá di Saturday, òde ni, wọ́n á ta kánópì síwájú ẹ̀, wọ́n á gbé sípíkà ńlá méjì síbẹ̀, tó o bá pariwo sétí ẹnì kejì ẹ kò ní gbọ́. Lọ́jọ́ Sunday, ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ìgbà míì sì wà tí wọ́n máa ń ṣe àìsùn òkú níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá bi GPS, ibì kan náà ni, kò fi ẹsẹ̀ bàtà kan yàtọ̀. Tẹ́ ẹ bá bi máíkì, orin ló gbọ́ lọ́jọ́ Saturday, orin ló gbọ́ lọ́jọ́ Sunday. Àmọ́ lọ́jọ́ Saturday mo fẹ́ kí fóònù mi pariwo kó sì tún máa gbọ̀n nínú àpò, lọ́jọ́ Sunday mo fẹ́ kó dákẹ́ pátápátá, lálẹ́ àìsùn mo fẹ́ kó dákẹ́ àmọ́ kí ìpè ẹbí wọlé. Kò sí sẹ́ńsọ̀ tó lè mọ̀ pé ẹni tó kú nìyẹn, pé ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Èmi nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Àwa Yorùbá, tẹ́ ẹ bá fara balẹ̀ wò wá, ohun tẹ́ ẹ ń wá yìí la fi ń kí ara wa láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. A kì í kan sọ pé báwo ni kó tán síbẹ̀. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹni tó wà lọ́jà, ẹ kú ọjà. Ẹni tó ń rìn, ẹ kú ìrìn, tó bá jókòó, ẹ kú ìjókòó, tó bá dúró, ẹ kú ìdúró. Ẹni tó ń náwó, ẹ kú ìnáwó. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ kú ewu ọmọ. Ẹni tó ṣòfò, ẹ kú àráfẹ́rakù. Òjò rọ̀, ẹ kú òjò, oòrùn mú, ẹ kú oòrùn. Ipò tí èèyàn wà la kọ́kọ́ ń wò ká tó la ẹnu, tá ò bá sì mọ̀ ọ́n a ó béèrè. Kódà lórí fóònù, ohun tá a fi ń bẹ̀rẹ̀ ni "ibo lẹ wà?" tàbí "ṣé mo lè bá yín sọ̀rọ̀ báyìí?" ẹni yẹn á sì ní "mo wà nínú mọ́tò, mi ò gbọ́ yín dáadáa, ẹ jẹ́ n pè yín tí mo bá sọ̀." Ẹ ò rí i pé èèyàn fúnra ẹ̀ ló ń sọ ọ́? Kò ná an ní nǹkan kan.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà ní yunifásítì ló fi àwọn ìwé kan hàn mí, mo jókòó kà wọ́n lálẹ́ bí mo ṣe lè kà á, mo rí i pé ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ilé ìwádìí Olivetti tó wà ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe báàjì kan táwọn òṣìṣẹ́ ń fi há àyà, iṣẹ́jú àáyá 15 síra wọn ló ń tan iná kan tí ojú ò lè rí, kí wọ́n lè mọ yàrá tí èèyàn wà kí ìpè ẹ̀ lè wá a lọ síbẹ̀. Ní 1994 olùwádìí kan, Bill Schilit, àtàwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá fún irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀ lórúkọ, pé ó mọ ipò tó yí i ká. Látìgbà yẹn, sẹ́ńsọ̀ lẹ ń lé kiri. Mi ò ní kò dáa. Àmọ́ mo rí òmíì nínú ìwé náà tó wọ̀ mí lọ́kàn ju báàjì lọ: Albrecht Schmidt àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kọ̀wé ní 2000 nípa ètò kan tí wọ́n ṣe sórí WAP, íntánẹ́ẹ̀tì fóònù ayé àtijọ́ yẹn, ẹni tí wọ́n fẹ́ pè ni yóò fọwọ́ ara ẹ̀ sọ ipò tó wà, ẹni tó fẹ́ pè á kọ́kọ́ rí i, á wá pinnu fúnra ẹ̀ bóyá kóun pè ni àbí kóun fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ wo bó ṣe rọrùn tó. Èèyàn sọ, èèyàn gbọ́, fóònù kàn jíṣẹ́ ni. Tó bá jẹ́ pé irú ẹ̀ wà lọ́wọ́ àbúrò mi lọ́jọ́ yẹn, ì bá rí i pé mo wà nínú bọ́ọ̀sì, ì bá tẹ "kíákíá ni o," fóònù ì bá jí mi.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà díẹ̀ nínú yín ẹ máa rántí Nokia. GSM dé Nàìjíríà ní 2001, Nokia ló gba ọwọ́ gbogbo wa láyé ìgbà yẹn. Tẹ́ ẹ bá tẹ bọ́tìnì tí wọ́n fi ń pa á lẹ́ẹ̀kan fẹ́ẹ́, orúkọ á tò wálẹ̀: General, Silent, Meeting, Outdoor, Pager. Ẹ yan ọ̀kan, ó tán. Ẹ sì lè fún un ní aago tó máa parí, tí aago yẹn bá ti lù, á padà sí General fúnra ẹ̀. Bàbá mi ò kàwé, àmọ́ wọ́n mọ Outdoor. Tá a bá ti ń lọ sóko, wọ́n á na fóònù sí mi, wọ́n á ní "gbé e sí Outdoor," tá a bá wà láàárín ẹ̀gẹ́ tí fóònù bá ké, ẹni tó wà lóko kejì á gbọ́ ọ. Bàbá mi ń sọ fún fóònù pé oko lòun ń lọ. Fóònù ń gbà á gbọ́. Kò sí satẹláìtì níbẹ̀, kò sí máíkì tó ń jí etí gbọ́, àti pé láyé mi mi ò rí i kí Nokia bàbá mi ṣi ipò wọn mọ̀.

Mo ti ń gbọ́ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ ó ní èèyàn ò ráyè tẹ nǹkan, pé fóònù gbọ́dọ̀ mọ̀ fúnra ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo WhatsApp. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ní 2009, kì í ṣe fún mẹ́sééjì rárá, ohun tí Jan Koum, ọ̀kan lára àwọn tó dá a sílẹ̀, fẹ́ ṣe ni kí èèyàn lè kọ ipò tó wà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀ káwọn tó mọ̀ ọ́n rí i. Àwọn ọ̀rọ̀ tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún wa ká kàn mú wà nínú ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún: mo wà níbi iṣẹ́, mo wà nílé ìwé, mo wà nínú ìpàdé, mò ń sùn, bátìrì ti fẹ́ kú, ìpè pàjáwìrì nìkan. Èèyàn ń kọ ọ́, ẹnikẹ́ni ò sanwó fún wọn. A fẹ́ sọ ọ́! Fóònù tí wọ́n fi kọ ọ́ ni kò kà á. Èèyàn kọ ọ́ pé òun wà nínú ìpàdé, fóònù kan náà yẹn á ké gbàù láàárín ìpàdé, torí ẹ ò jẹ́ kí ọwọ́ ọ̀tún mọ ohun tí ọwọ́ òsì ń ṣe.

Mo mọ̀ pé Apple ti gbìyànjú pẹ̀lú Focus, ètò ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tí èèyàn ń yàn fúnra ẹ̀, látìgbà iOS 15 ní 2021, èèyàn lè fún un lórúkọ tó wù ú, ó sì lè jẹ́ káwọn ẹlòmíì rí i pé ó ti pa fóònù lẹ́nu mọ́. Ó dáa. Àmọ́ kò sọ ìdí ẹ̀ fún wọn, ó kàn ní ó ti dákẹ́ ni, àti pé fóònù tó wọ́n lọ́wọ́ ni, èyí tó pọ̀ jù lórí tábìlì mi kì í ṣe ìyẹn. Fóònù tí màmá ẹlẹ́lùbọ́ ń lò ni mò ń sọ, tí inú ẹ̀ ò fẹ̀, tí àyè inú ẹ̀ ti kún.

Ohun tí mò ń fẹ́ nìyí. Kẹ́ ẹ to ìwọ̀nba ipò díẹ̀ sójú fóònù níbi tí ọwọ́ ti lè tètè kàn án, kó wà ní èdè wa: ọjà, ìrìn, ìjọsìn, òde, iṣẹ́, ọ̀fọ̀, oorun, kí èèyàn sì lè fi tiẹ̀ kún un. Tí mo bá yan ọ̀kan, kó bi mí ẹ̀ẹ̀kan péré, "títí dìgbà wo?" kí n dá a lóhùn, kó má bi mí mọ́. Tó bá parí kó sọ fún mi pé ó parí, kó má kàn dákẹ́ bí ti màmá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Tí sẹ́ńsọ̀ bá rí nǹkan tí kò dá a lójú, kó gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan, kó ní "ó jọ pé ẹ wà nínú ọkọ̀, ṣé ẹ̀yin lẹ ń wà á?" tí mi ò bá dáhùn, kó fi mí sílẹ̀ bí mo ṣe wà, kó jẹ́ pé èyí tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára ló máa ṣe. Kó má sì máa bi mí nígbà gbogbo o, ẹni tó bá ń béèrè jù a máa ń sá fún un. Kó kọ́ èsì mi, àmọ́ kó má sọ àná di òfin, torí pé mo lọ ṣọ́ọ̀ṣì ní gbọ̀ngàn yẹn lọ́sẹ̀ tó kọjá ò sọ pé ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wá lónìí.

Ọ̀rọ̀ èdè yìí, ẹ jẹ́ n dúró lé e lórí díẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní ẹ gbà wá láàyè ká kọ ipò wa fúnra wa, tí ẹnì kan wá tẹ̀ ẹ́ láìfi àmì kankan sí i, bí ọ̀pọ̀ nínú wa ṣe ń tẹ̀ ẹ́, "mo wa loko." Ṣé lọ́kọ̀ ni àbí lóko? Ẹni tó wà nínú mọ́tò lójú títì, tàbí ẹni tó wà láàárín iṣu tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dé? Ọ̀tọ̀ ni ohun tí fóònù gbọ́dọ̀ ṣe fún tibí, ọ̀tọ̀ ni tọ̀hún. Ẹ má jẹ́ kó fi tipátipá mú ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kó gbé méjèèjì síwájú mi pẹ̀lú àmì wọn, kí n tẹ èyí tí mo ní lọ́kàn. Ibi tí sẹ́ńsọ̀ ti lè wúlò gan-an nìyẹn, tó bá rí i pé à ń sáré 90 láàárín wákàtí, kó gbé lọ́kọ̀ sókè. Sẹ́ńsọ̀ á ran ọ̀rọ̀ ẹnu mi lọ́wọ́, kò ní rọ́pò ẹ̀. Àti pé fún àwọn bíi bàbá mi, ẹ jẹ́ kí wọ́n lè fẹnu sọ ọ́ ní Yorùbá, "mò ń lọ sóko o," kó tán síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ iná náà ń bẹ. Fóònù kan wá sí ọ̀dọ̀ mi, olówó ẹ̀ ní bátìrì ẹ̀ ti bàjẹ́, kì í kọjá 80. Bátìrì ò bàjẹ́, fóònù ló ń dọ́gbọ́n, ó ti kọ́ ọ pé ẹni yìí máa ń jí ní aago 6, ó dúró sórí 80 kó lè kún díẹ̀ ṣáájú ìgbà tó bá jí, kí bátìrì lè pẹ́. Ọgbọ́n gidi ni níbi tí iná kì í ti í lọ. N'Íbàdàn, wọ́n mú iná wá ní aago 11 alẹ́, wọ́n mú un lọ ní aago 2, bọ̀ọ̀dá yẹn jí bá 80 tó ti ń lọ sísàlẹ̀. Mo pa ètò náà fún un, mo sì mọ̀ pé bátìrì ẹ̀ á tètè gbó. Ohun tó yẹ kó wà níbẹ̀ ni kí èèyàn lè sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan pé níbi tí mò ń gbé, iná lè lọ nígbàkigbà, gba gbogbo èyí tó o bá rí kíákíá. Ká tún lè sọ pé jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣáàjì báyìí, epo ò pọ̀. Ta ni sẹ́ńsọ̀ tó máa mọ epo tó kù nínú jẹnẹrétọ̀ mi?

Àti fóònù tí ìdílé jọ ń lò, ìyá gbé e fún ọmọ kó fi wo kàtúùnù, áléẹ̀tì báńkì ń wọlé lójú ọmọ. Ìfọwọ́kàn kan, "ọmọ ló mú mi dání," ì bá ti tó.

Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ṣì wà tí mo ní láti sọ kedere. Tí mo bá sọ fún fóònù mi pé mo wà nínú ọ̀fọ̀, fóònù mi ni mo sọ ọ́ fún o. Mi ò sọ ọ́ fún ẹni tó ń ta pósí. Sẹ́ńsọ̀ ń fi méfò, ohun tí mo fẹnu ara mi sọ kì í ṣe méfò, ìyẹn ló fi wúwo jù, torí náà ẹ jẹ́ kó dúró sínú fóònù, kó má gba ọ̀dọ̀ yín kọjá, kó má di ìpolówó, tí ipò yẹn bá sì ti parí kó parẹ́. Nàìjíríà ti ní òfin lórí ìsọfúnni èèyàn láti 2023, mi ò sì fẹ́ kó jẹ́ pé ìgbà tí òfin bá mú yín lẹ tó máa ṣe é. Ẹ ṣe é torí pé a finú hàn yín.

Màmá ẹlẹ́lùbọ́ yẹn padà wá lánàá. Wọ́n ń lọ ìṣọ́ òru lọ́jọ́ Friday, wọ́n ní kí n bá wọn ṣe é kí fóònù dákẹ́ títí di aago 5 ìdájí, àmọ́ kó má dákẹ́ fún ọmọ tó wà ní London, torí aboyún ni ìyàwó ẹ̀, ó ti wọ oṣù ẹ̀. Mo bá wọn ṣe é. Ó ṣeé ṣe lórí fóònù wọn, mi ò parọ́ mọ́ yín, gbogbo ẹ̀ wà nínú settings. Mo ka iye ìgbà tí mo fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ kí n tó parí: 11, ojú ewé mẹ́rin, èdè òyìnbó ni gbogbo ẹ̀. Màmá ń wo ọwọ́ mi ní gbogbo ìgbà yẹn, wọ́n fẹ́ kọ́ ọ, ètè wọn ń mì bí wọ́n ṣe ń kà á tẹ̀ lé mi, nígbà tá a dé ìkeje wọ́n dákẹ́. Wọ́n ní, "Ṣé bí màá ṣe máa wá bá ẹ nìyí ní gbogbo Friday?"

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ọ̀gá mi, ẹ bá wa sọ 11 yẹn di 2, kí ọ̀rọ̀ tó wà lórí méjèèjì jẹ́ èyí tí màmá lè kà.

Èmi ni tiyín,
Ẹnjiníà, Queen Cinema, Ìbàdàn.